Ìwé Ìgbélùú: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Ni, Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Aṣọ́bodè Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù tàbí ti àjẹmọ́nú, ṣùgbọ́n ó kan méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ìwé tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú dání nígbà tí ó bá fẹ́ fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn. Àwọn kan nínú wa ti dábàá pé kí ẹ̀ka yìí máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí a gbé tábìlì kalẹ̀, kí àwọn tí ó mọ̀wé láàrin wa máa bá àwọn tí ó ń lọ ka fọ́ọ̀mù wọn, kí wọ́n sì jọ kọ ọ́ bí ó ti yẹ. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń sọ. Èkíní ni pé ilẹ̀ baba wa ni ìhín, ilẹ̀ baba wa ni ọ̀hún, kí ni a wá ń wá ìwé sí? Èkejì ni pé owó ẹgbẹ́ kò yẹ ní ohun tí a ó máa fi ran ẹni tí ó ń fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́. Àwa fara mọ́ àbá náà. A ó sọ ìdí rẹ̀, a ó sì dá àwọn tí ó takò ó lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú èkíní. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó bi àwọn baba wa léèrè kí wọ́n tó fa ìlà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Kétu, Pobẹ̀ àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó àti Ọjà-Ọ̀dàn tiwa yìí bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìhín, àbúrò wà ní ọ̀hún. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tí ó jáde ní ọdún 1976. Ó fi hàn níbẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá kúrò lábẹ́ Faransé wá sí ìhà ọ̀dọ̀ tiwa nítorí iṣẹ́ ipá, nítorí owó orí, àti nítorí pé wọ́n ń fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun 1914 sí 1918. Nígbà náà, ẹni tí ó bá ti ní ìbátan ní ìhín ti ní ìwé. Ìbátan ni ìwé.

Ṣùgbọ́n ìbátan kì í san owó oṣù. Ìbátan lè fún ni ní yàrá, ó lè bu oúnjẹ fún ni, kò lè bá ni dúró níwájú agbanisíṣẹ́. Ẹ wo bíríkìlà tí ó kọjá sí òdìkejì láìní ìwé kankan. Wọ́n bá a dúnàádúrà iye kan. Nígbà tí oṣù pé, wọ́n ka ìdajì sí i lọ́wọ́. Bí ó bá ní òun kò gbà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá rẹ̀ yóò bi í: ìwé rẹ dà? Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí pákó bá já, tí ó ṣubú, tí ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, kò sí ibi tí orúkọ rẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni yóò fi mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Irú èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwa kọ́ ni a fa ìlà náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ mọ bí a ti ń lò ó. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa láti fi dáàbò bo ara wa ni ìwé.

Ẹni tí ó bá rò pé a ń sọ àsọdùn, kí ó bi àwọn àgbà léèrè nípa Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a rí láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà, Ṣakí àti Ẹ̀jìgbò. Àwọn tí ó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, wà nínú wọn. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọn kò fojú kan ilé baba wọn rí, wà nínú wọn pẹ̀lú. Wọ́n ní ìsọ̀, wọ́n ní ilé, wọ́n ní oníbàárà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ni ìwé, nítorí pé wọn kò rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ta ilé, kò sì tó láti gba gbèsè tí ó wà níta. Wọ́n kó ohun tí ọwọ́ wọn ká, wọ́n sì forí lé ọ̀nà.

Kí a má sì ṣe bí ẹni pé Gánà nìkan ni ó ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, Alhaji Ali Baba tí ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé kéde pé kí àwọn àjèjì tí ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Iye àwọn tí ó kó jáde ni a gbà pé ó lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kọjá, wọ́n há sí ojú ọ̀nà, nítorí pé Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò pa. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe báàgì ńlá olójú pẹ́pẹ̀pẹ́ yẹn ní “Ghana Must Go”. A sọ ọ́ di ohun ẹ̀rín, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ bí tiwa ni ó gbé e lórí.

Kí ni ìjọba wa wí nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń bá a wí? Ó ní àdéhùn ECOWAS fún àlejò ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré. Ẹni tí ó bá ti kọjá iye ọjọ́ náà láìgba àṣẹ kò ní ohun tí yóò fi di òfin mú. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fi kọ́ ọgbọ́n. Ohun tí a fi lé ọmọ Gánà ní 1983, òun kan náà ni ẹlòmíràn lè fi lé ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn lọ́la.

Nítorí náà ó tọ́ kí a mọ ohun tí àdéhùn náà wí gan-an. Ní Dakar, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i. Ó ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó so nǹkan mẹ́ta mọ́ ọn: kí ó ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí ó ní ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó sì gba ibodè tí ìjọba yàn. Bí ó bá fẹ́ dúró ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ, ó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ pé “ECOWAS ni wá, kò sí físà,” a sì dúró síbẹ̀. A kò gbọ́ ìdajì tí ó kù.

Ní oṣù keje ọdún 1986, ní Àbújá, wọ́n fi àdéhùn mìíràn lé e. Èyí ni ó kan òṣìṣẹ́ jù. Ó ní ọmọ ECOWAS ní ẹ̀tọ́ láti gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà, kí ó wá iṣẹ́, kí ó sì ṣe é, bí ó bá ti gba káàdì tàbí ìwé ìgbélùú. Ó ní ìjọba kankan kò gbọdọ̀ lé àwọn ènìyàn lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Ó sì ní òṣìṣẹ́ tí ó bá pa òfin ìgbélùú mọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀ nínú ààbò iṣẹ́, nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́, nínú ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ àti nínú ìtọ́jú ìlera. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n so ó mọ́: òṣìṣẹ́ tí ó bá pa òfin ìgbélùú mọ́. Ẹni tí kò ní ìwé kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun wà nínú wọn. Mali, Burkina Faso àti Nìjẹ̀ ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, nítorí náà kí ẹni tí ó ń lọ sí ọ̀hún má ṣe gbára lé àdéhùn wọ̀nyí láìbéèrè. Ṣùgbọ́n Benin, Tógò, Gánà àti Kodifuá, níbi tí àwọn ènìyàn wa ń lọ jù, ṣì wà nínú rẹ̀.

Wàyí o, báwo ni a ti ń ṣe é? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé àkọ́kọ́ ni ìwé ìbí. Òfin ọdún 1992 ti sọ ọ́ di dandan pé kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Àgbàlagbà tí kò bá ní ìwé ìbí lè lọ bá àjọ náà kan náà kí wọ́n ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí fún un. Ìwé kejì ni nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN, nítorí láìsí i kò sí pásípọ́ọ̀tù. Ìwé kẹta ni pásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń béèrè fún un, ibẹ̀ náà ni a ti ń sanwó, lẹ́yìn èyí ni a ó lọ sí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n, bí èyí tí ó wà ní Abẹ́òkúta, fún ìtẹ̀ka. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iye tí ìjọba gbé lé oníwé 32 tí ó ń lo ọdún márùn-ún ni ₦100,000. Oníwé 64 tí ó ń lo ọdún mẹ́wàá jẹ́ ₦200,000. Owó ńlá ni fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oṣù, a ó sì padà sọ̀rọ̀ lé e. Ìwé ìrìnnà ECOWAS tún wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 fún ẹni tí kò kọjá ilẹ̀ àjọ náà. Ìmígíréṣọ̀n kan náà ni ó ń ṣe é. Ẹni tí kò ní ju Pobẹ̀ tàbí Kútọnu lọ, kí ó béèrè rẹ̀ kí ó tó lọ wá ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà. Ìwé kẹrin ni káàdì pupa rúsúrúsú ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì. Láti oṣù keje ọdún 2016 ni wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó títí ayé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba owó lọ́wọ́ yín pé ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ti kú.

Nígbà tí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ gba ibodè tí ìjọba yàn, bí Ìdí-Irókò, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí i ní ìhín àti ní ọ̀hún. A mọ̀ pé ọ̀nà oko sún mọ́ Ọjà-Ọ̀dàn ju Ìdí-Irókò lọ. A mọ̀ pé alùpùpù yóò gbé yín dé ọ̀hún kí òòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yẹn ni ó ń fi ọjọ́ tí ẹ wọlé hàn. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ kò ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ kankan tí yóò kà, nítorí pé lójú òfin kò tíì wọ ilẹ̀ náà. Kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé ni kí ẹni tí ó fẹ́ dúró lọ béèrè ìwé ìgbélùú, èyí tí wọ́n ń pè ní carte de séjour ní Benin. Bí wọ́n bá fún un ní récépissé, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ó ti kọ̀wé, kí ó tọ́jú rẹ̀ bí owó, nítorí òun ni yóò máa fi hàn títí káàdì yóò fi jáde. Kí gbogbo ìwé sì ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan nínú àpò, ọ̀kan nílé lọ́wọ́ ẹbí.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ jù ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ wa ní ilé ìwé, Faransé ni fọ́ọ̀mù ọ̀hún. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀, a sì lè mọ̀ wọ́n. Nom ni orúkọ ìdílé, òun ni ó sì ń ṣáájú. Prénoms ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti gbé méjèèjì sí ipò ara wọn, tí ìwé wọn fi di ti ẹlòmíràn. Né le ni ọjọ́ ìbí fún ọkùnrin, Née le fún obìnrin. Domicile ni ibi tí ènìyàn ń gbé. Personne à prévenir ni ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nínú àdéhùn iṣẹ́, CDD ni iṣẹ́ tí ó ní ọjọ́ tí yóò parí, CDI ni iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìparí. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì tóbi púpọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́.

Gbólóhùn kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ há sórí: Lu et approuvé. Wọ́n á ní kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ ìwé, lókè ibi tí o ó ti fọwọ́ sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, mo ti kà á, mo sì gbà. Òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ Faransé, tí wọ́n ní kí ó da á kọ bí ó ti wà, ti jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀. Bí ó bá di ẹjọ́ lọ́la, kò lè ní òun kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, nítorí ọwọ́ òun ni ó kọ pé òun kà á. Àwa kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà fún bí kì í bá ṣe láti dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ kí ó tó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Orúkọ kan náà ni à ń jẹ́ ní ìhín àti ọ̀hún, ṣùgbọ́n a kì í kọ ọ́ bákan náà. Ajayi ìhín ni Adjayi ọ̀hún. Ogunjobi ìhín ni Ogoudjobi ọ̀hún. Idowu ìhín lè di Idohou. Akọ̀wé ọ́fíìsì á gbọ́ orúkọ lẹ́nu, á sì kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tàbí ti ogún, Ajayi kò ní lè gba owó Adjayi. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi pásípọ́ọ̀tù lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ó máa wò ó kọ. Kí ẹ sì ka ohun tí ó kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó dìde níwájú rẹ̀.

Nítorí pé ọ̀nà yìí gùn, àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn mọ ọ̀gá, wọ́n ní ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Bí ìwé tí wọ́n mú wá bá jẹ́ ayédèrú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ayédèrú kì í sì í pa ẹni tí ó rà á nìkan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Benin láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò wò dúró. Àwọn ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kàwé tọkàntọkàn ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu bá a lọ. Bí a bá fi àyè gba ayédèrú, ìwé tòótọ́ tí a fi òógùn gbà á di ohun ìfura.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀nà Benin. Àwọn olùkọ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì wa ń wo ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, àwọn gbájúẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ta ìwé onígbọ̀wọ́, wọ́n ní iṣẹ́ títọ́jú àgbàlagbà ń dúró deni. Kí ẹ mọ èyí dájú: láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní olùtọ́jú àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ́wọ́ wá mọ́. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbà láti òkè òkun. Ẹni tí ó bá ń ta á fún yín lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ni ó ń tà. Iṣẹ́ tí ọ̀nà rẹ̀ ṣì ṣí pàápàá, agbanisíṣẹ́ ni ó yẹ kí ó sanwó ìwé onígbọ̀wọ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ baba rẹ̀ láti ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kó sọ́wọ́ olè kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

A wá kan ọ̀rọ̀ kejì, ti àwọn tí ó ní owó ẹgbẹ́ kò yẹ fún ẹni tí ó ń lọ. A gbọ́ wọn yé. Ẹni tí ó kù nílé ni ó ń san owó oṣooṣù, òun ni ó ń rí kíláàsì tí kò ní olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí a kò bá ran ẹni náà lọ́wọ́, ṣé kò ní lọ mọ́ ni? Yóò lọ. Ọ̀nà oko ni yóò gbà, yóò sì gba owó tí kò tó nǹkan lọ́hùn-ún, owó yẹn náà ni wọn yóò sì máa fi wọn ti àwọn tí ó bá tẹ̀lé e. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀. Àwọn ọmọ Benin àti Tógò ń ṣiṣẹ́ lóko àti níbi ilé kíkọ́ ní agbègbè wa yìí. Èyí tí kò ní ìwé nínú wọn kò lè bèèrè owó tí ó tọ́. Agbaṣẹ́ṣe á gbà á, á sì fi ọmọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. À ń bínú sí àlejò náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó gé owó wa. Àìní ìwé rẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe fi gé owó àwa méjèèjì. Òun náà ní ẹ̀tọ́ sí káàdì ìgbélùú ECOWAS lọ́dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n Nàìjíríà. Bí ó bá jókòó sí tábìlì wa kí a bá a ka fọ́ọ̀mù rẹ̀, owó iṣẹ́ tiwa ni a ń dáàbò bò. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe, a kò sì ní dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwa tí à ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ṣíṣí Ìdí-Irókò padà. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ènìyàn fi ọ̀nà oko sílẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọ̀nà òfin wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n máa wá jókòó ní Ayétòrò àti ní Ọjà-Ọ̀dàn ní ọjọ́ tí a mọ̀, kí wọ́n máa ṣe ìwé ìrìnnà ECOWAS fún àwọn tí ó ń gbé lẹ́bàá ibodè, kí ìwé ìkéde iye owó rẹ̀ sì wà lára ògiri ní èdè Yorùbá, kí agbódegbà má baà rí ohun tí yóò bù lé e.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa kò pọ̀. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, ọjọ́ kan lóṣù. Olùkọ́ kan tí ó gbọ́ Faransé, akọ̀wé kan láti ìjọba ìbílẹ̀ tí ó mọ bí a ti ń kọ fọ́ọ̀mù, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan níbi tí a ó kọ orúkọ ẹni tí ó lọ, ibi tí ó lọ, àti ọjọ́ tí àádọ́rùn-ún ọjọ́ rẹ̀ yóò pé, kí a lè ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ náà tó kò ó lójú. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣe ìwé ẹ̀yìn. Kí ẹ̀yin tí ó takò ó wá bá wa jókòó níbẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bí kò bá wúlò, ìpàdé ni yóò fòpin sí i. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ tí ìjọba kan bá tún pariwo ọ̀sẹ̀ méjì, a ó rí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa láàrin àwọn tí ó gbé báàgì lórí, tí a ó sì máa wí pé a mọ̀, ṣùgbọ́n a rò pé kì í ṣe iṣẹ́ wa.